Ta Ló Ní Kọ́kọ́rọ́?

Àbújá ni ìwé náà ti wá, ó nípọn bí búrẹ́dì ọdún,
àádọ́rùn-ún ojú ewé, èdìdì ìjọba lórí èèpo rẹ̀.
Èmi akọ̀wé káńsù Ẹ̀fọ̀n ni mo buwọ́ lù ú pé ó dé.
Mo tì í sínú kọ́bọ́ọ̀dù,
mo fi fáìlì owó oṣù tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.
Kò sẹ́ni tó bi mí ohun tó wà nínú rẹ̀
títí di òru ọjọ́ tí òkè sọ̀kalẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé ilẹ̀ pẹrẹsẹ, ẹ ò lè mọ̀.
Òkè yí wa ká bí eyín ṣe yí ahọ́n ká;
a ti bá a gbé pẹ́, a gbàgbé pé eyín ń gé ahọ́n jẹ.
Òjò ọjọ́ kẹta ni. Ilẹ̀ mu omi yó, ó bì í:
amọ̀ pupa, òkúta, igi kòkó tòun ti gbòǹgbò.

Màmá Adéọ̀ṣun gun àpáta ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì,
ibẹ̀ nìkan ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń mú,
ó pe nọ́ńbà ọ̀fẹ́. Wọ́n gbé e ní Àbújá.
“Omi ti kó ulé o! Ulé ti lọ!”
Ọmọkùnrin tó gbé e kì í ṣe ọmọ burúkú.
Ó ní, “Mà, kí ni ulé?”
Ó béèrè wọ́ọ̀dù, ó béèrè nọ́ńbà òpópó.
Òpópó wo? Òpópó ti di odò.
Ulé ni ilé, ọmọ mi,
kí omi tó gbé e lọ. Ulé náà ni lẹ́yìn rẹ̀.

Ojú ewé kẹtàdínlógójì ní kí wọ́n sá lọ sí gbọ̀ngàn ilé-ẹ̀kọ́ girama,
láàárín ogójì ìṣẹ́jú.
Ogún ìṣẹ́jú ni wọ́n fi débẹ̀.
Ọgọ́ta ènìyàn, ewúrẹ́ méjì, ọmọ ọwọ́ kan tó ń ké,
níwájú àgádágodo, nínú òjò.
Ta ló ní kọ́kọ́rọ́?
Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ni. Adó ló ń gbé.
Fámúrewá tó ń wa katakata káńsù ló fi irin fọ́ ọ;
Nọ́ọ̀sì Ṣíjúadé fi iná fóònù di ẹsẹ̀ ẹni tí páànù gé.
Orúkọ àwọn méjèèjì kò sí nínú ìwé.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, ọkọ̀ funfun mẹ́ta dé.
Mátírẹ́ẹ̀sì, ìrẹsì, oògùn;
n kò ní purọ́, a ò lè dá a rà láéláé.
Ọwọ́ Àbújá gùn, ó tó pẹpẹ.
Ṣùgbọ́n kèrègbè wa, ọrùn rẹ̀ tín-ín-rín.

Hàlímọ́tù, ọ̀gá wọn, tẹ́ máàpù sórí tábìlì.
Fámúrewá wò ó, ó rẹ́rìn-ín:
“Afárá yìí ti wó kí n tó gbéyàwó.”
Mo rò pé obìnrin náà máa bínú.
Ó na gègé pupa sí i: “Ẹ bá mi fà á rẹ́.”
Títí ilẹ̀ fi ṣú ni wọ́n ń fà á rẹ́, tí wọ́n ń kọ òmíràn:
ẹni tó ní ọkọ̀, ẹni tó jẹ́ òmùwẹ̀,
ẹni tí kò lè rìn, tó ń gbé yàrá ẹ̀yìn.
Owó epo katakata ńkọ́?
Àbújá wo ìpínlẹ̀, ìpínlẹ̀ wo káńsù, káńsù wo èmi.
Mo wo fèrèsé.

Ọdún ti yí. Ìkùukùu tún ti gbé ẹrù lé orí òkè.
Kọ́kọ́rọ́ mẹ́ta la ṣe. Ọ̀kan wà ní káńsù,
ọ̀kan lọ́wọ́ Ṣíjúadé,
ọ̀kan lọ́rùn Màmá Adéọ̀ṣun
tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ báyìí. Ó ń fi wẹ̀, ó ń fi sùn.
Lánàá mo gun àpáta, mo pe Àbújá láti dán an wò.
Ó dún. Ó dún. Ó dún.
Mo dárúkọ Ẹ̀fọ̀n.
“Ulé ńkọ́?” ló wí, pẹ̀lú ohùn àjèjì.
N kò tíì rí èsì fún un,
òjò ti ń kán sí mi lọ́wọ́.